Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kí ló dé tí ẹran ara wọn kò bára mu?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹbí, tó sì jẹ́ pé ọsibítù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín ẹnì kan dáṣẹ́ sílẹ̀, dókítà ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tó lè fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́ta jáde, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí èsì máa dé, ti ẹni àkọ́kọ́ bá ti aláìsàn mu pátápátá, ti ẹnì kejì bá a mu dé ìdajì, ti ẹnì kẹta kò bá a mu rárá, àfi bíi pé gáréèjì ni wọ́n ti pàdé. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, àwọn kan ti ń wo ìyá wọn lójú kọ̀rọ̀. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan lórí bẹ́ńṣì níta wọ́ọ̀dù tó ń sunkún, tí kì í ṣe nítorí àìsàn ọmọ rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe nítorí gbólóhùn kan tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin sọ sí i: “Ìyàwó, ta ló ni èyí?”

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì: èsì yẹn kò fi ẹ̀sùn kankan kan ìyá náà. Bí a bá mú ọmọ méjì tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ìyá wọn jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin ni irú àyẹ̀wò yìí máa sọ pé wọn ò bára mu rárá. Bó ṣe dá wọn ni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa yékéyéké, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò gan-an, ká sì mọ ẹni tó ń bá a jà nínú ara.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, A, B, AB àti O, pẹ̀lú jẹ́nótáìpù tí àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó máa ń lọ wò, AA, AS, SS àti àwọn yòókù. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí èèyàn lára, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Kíndìnrín, awọ ara àti mùdùnmúdùn inú eegun yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ń gbé àmì mìíràn kiri tó pọ̀ ju lẹ́tà mẹ́rin lọ fíìfíì. HLA ni wọ́n ń pè é. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Dausset, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ọ̀kan nínú wọn ní 1958, òun pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní 1980. Lónìí, oríṣiríṣi HLA tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ káàkiri àgbáyé ti lé ní 40,000. Ẹ wo ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin, ẹ wo ọ̀kẹ́ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wá ni HLA ń ṣe lára wa? Ẹ̀yin àgbà á rántí wolé-wolé. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń wọ agbolé láàárọ̀, tí wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, tí gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Wolé-wolé wà nínú ara náà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun ni, sẹ́ẹ̀lì T lorúkọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rìn láti ilé dé ilé, ìyẹn láti ara sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ti inú ara kì í wọlé onílé o, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Onílé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé àtẹ síta, kó bu díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó ń sè nínú ilé, kó pa á sórí àtẹ náà kí wolé-wolé rí i. Àtẹ yẹn gan-an ni HLA. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ilé ló wà níbẹ̀, wolé-wolé á kọjá lọ. Bí kòkòrò àrùn bá ti yọ́ wọ ilé yẹn, tó ń fi ìdáná onílé bímọ, èérún ara kòkòrò náà á hàn lórí àtẹ. Tí wolé-wolé bá ti rí i, ó di kí wọ́n wó ilé náà kí àrùn má baà ràn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Ní 1974, Peter Doherty àti Rolf Zinkernagel, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílùú Canberra ní Ọsirélíà, fi eku ṣe ìwádìí kan tó ya ayé lẹ́nu. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì T kì í wo ohun tó wà lórí àtẹ nìkan, ó ń wo àtẹ náà pẹ̀lú, méjèèjì pọ̀ ló fi ń mọ ọ̀tá. Bí wọ́n bá kó èérún kòkòrò kan náà sórí àtẹ ìdílé mìíràn, sẹ́ẹ̀lì T tó dá a mọ̀ lórí àtẹ ilé tirẹ̀ kò ní dá a mọ̀ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìyẹn dání: wolé-wolé mọ àtẹ ilé rẹ̀, bó ṣe tẹ̀ àti bó ṣe gùn.

Níbo ló ti mọ̀ ọ́n? Ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn egungun àyà, lókè ọkàn, thymus ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń tóbi lára ọmọdé, ó sì máa ń sún kì bí a ṣe ń dàgbà, ìdí kan nìyẹn tí ara àwọn àgbà kì í fi tètè rí ojútùú àrùn tuntun bíi ti ọ̀dọ́. Inú thymus yìí ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ìdánwò méjì ló sì máa ń ṣe. Èkíní, ṣé ó lè ka ohun tó wà lórí àtẹ ilé wa? Èyí tí kò bá lè kà á, kò wúlò, ó kú síbẹ̀. Èkejì, ṣé kò ní bá oúnjẹ ilé jà? Èyí tó bá ń gbógun ti oúnjẹ ilé, ewu ni, òun náà kú síbẹ̀. Nínú 100 tó bá wọlé, ó lé ní 90 tí kì í jáde. WAEC ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan o. Àtẹ ilé nìkan ni wọ́n fi dán wọn wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn pé kí wọ́n má bá àtẹ ilé onílé jà. Ìgbà tí dókítà bá wá gbé kíndìnrín ẹlòmíràn sínú ara, àìmọye àtẹ tí wọn ò rí rí ló gbé dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó mọ kòkòrò àrùn kan pàtó, kí kòkòrò náà tó wọ ara rárá, kì í tó ẹyọ kan nínú 10,000. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó ń lọ láti 1 dé 10 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì T wa tó lè dìde sí àtẹ àjèjì. Ogun tí kò ní àfiwé nìyẹn.

Ogun náà ni Peter Medawar rí nígbà ogun àgbáyé kejì. Nílùú Glasgow ní Scotland, òun àti dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Thomas Gibson, tọ́jú obìnrin kan tí iná jó. Wọ́n bó awọ díẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò. Awọ náà mú fúngbà díẹ̀, ó sì bàjẹ́. Wọ́n tún lẹ òmíràn láti ara ọkùnrin yẹn kan náà, èyí tètè bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1943. Ohun tí Medawar rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé oníṣẹ́ abẹ kò mọṣẹ́, ara obìnrin náà ló ń rántí, ó ti mọ ojú àlejò yẹn láti ìgbà àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbejì tó jọra délẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ṣe láṣeyọrí. Ní December 1954, nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, Joseph Murray gba kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, ó fi í sára ìkejì rẹ̀, Richard. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ti kọ́kọ́ fi awọ ara wọn dán an wò bóyá yóò mú. Richard lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ronald tó fi kíndìnrín sílẹ̀, ó di 2010 kó tó kú, ọmọ ọdún 79 sì ni. (Èyí wà fún àwọn tó ń bi mí pé ṣé ẹni tó bá fi kíndìnrín kan sílẹ̀ lè pẹ́ láyé.)

Ojú sẹ́ẹ̀lì T mú ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1990, àwọn dókítà kan ní New York kọ̀wé nípa aláìsàn kan tí wọ́n fún ní mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn, tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Lójú àyẹ̀wò ìgbà yẹn, HLA-B44 ni aláìsàn, HLA-B44 náà ni ẹni tó fún un. Ìgbà tí wọ́n túdìí rẹ̀, wọ́n rí i pé B44 kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ B*44:02, òmíràn wà tó ń jẹ́ B*44:03. Ẹ ronú okùn ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí hóró ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní 300. Gbogbo hóró wọn ló dọ́gba, àfi ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà ní ipò 156. Hóró kan yẹn ni sẹ́ẹ̀lì T rí tó fi da gbogbo ẹ̀bùn náà nù.

Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà tún rí ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Epstein-Barr, inú itọ́ ló máa ń gbà ràn, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló sì ti kó o ní kékeré láìmọ̀. Lára àwọn tó ní àtẹ HLA-B8, sẹ́ẹ̀lì T kan máa ń wà tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kòkòrò yìí. Bí sẹ́ẹ̀lì T yìí kan náà bá bá àtẹ B*44:02 àjèjì pàdé, ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́ ló rò pé òun rí, á sì gbógun tì í. Bó bá pàdé B*44:03, á kọjá lọ láìwẹ̀yìn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nítorí náà, nígbà tí ara bá ń kọ ẹ̀yà ara ẹlòmíràn, kì í ṣe pé ó kórìíra àlejò. Nígbà mìíràn, ogun tó ti jà tẹ́lẹ̀ ló ń tún jà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa orí bẹ́ńṣì yẹn. Gbogbo ìlànà tí ara fi ń kan àtẹ HLA wà pa pọ̀ lójú kan nínú krómósómù kẹfà, bí ẹrù tí wọ́n dì. Ẹrù méjì ló wà lọ́wọ́ bàbá, ká pè wọ́n ní ẹrù pupa àti ẹrù funfun. Méjì ló wà lọ́wọ́ ìyá, ká pè wọ́n ní ẹrù dúdú àti ẹrù aró. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá. Àkọ́bí gba pupa àti dúdú. Àbúrò rẹ̀ gba funfun àti aró. Ọmọ bàbá wọn ni méjèèjì, ọmọ ìyá wọn sì ni, ṣùgbọ́n wọn ò jọ ní ẹrù kankan. Àbíkẹ́yìn wá gba pupa àti dúdú bíi ti àkọ́bí, òun ló bá a mu pátápátá. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìbámu pátápátá jẹ́ 25 nínú 100 láàárín ọmọ ìyá àti bàbá kan, ìdajì jẹ́ 50, àìbámu rárá jẹ́ 25. Ẹni tó bá ní ọmọ ìyá méjì ní nǹkan bí 44 nínú 100 pé ọ̀kan nínú wọn á bá a mu pátápátá. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ó di nǹkan bí 68. Ìbejì tí kò jọra kò yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú èyí, ìbejì tí wọ́n jọ pín láti ara ẹyin kan nìkan ló dá yàtọ̀.

Àwọn ọbàkan ńkọ́? Ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan, ẹrù bàbá nìkan ni wọ́n lè jọ ní, nítorí náà ìdajì ni a sábà máa ń retí láàárín wọn, bó bá tilẹ̀ bọ́ sí i. Ilé olórogún tó ń lérí pé àwọn pọ̀, pé àwọn ò lè ṣàìrí ẹni tó máa bá ọmọ mu, kí wọ́n fi ìyẹn sọ́kàn. Ọmọ ìyá aláìsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó wá.

Láàárín òbí àti ọmọ tó bí, ìdajì gbọ́dọ̀ bára mu. N ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní àṣírí kan lórí ọ̀rọ̀ ọmọ fi ní láti bá dókítà sọ ọ́ ní ìdákọ́ńkọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ka èsì fún, kí wọ́n má kà á sí etí gbogbo ẹbí ní kọ́rídọ̀.

Ìbí yìí ló ti kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ìtọ́jú tó ti wo ọ̀pọ̀ ọmọ sàn ni kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní 2017, wọ́n kó ìròyìn àwọn aláìsàn 1,000 tó gba mùdùnmúdùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá wọn mu pátápátá jọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó lé ní 90 nínú 100 wọn tó ṣì wà láàyè, ó sì máa ń dára jù bí wọ́n bá ṣe é nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ẹni tó jẹ́ AS lè fúnni, ẹni tó jẹ́ SS kò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún bàbá AS àti ìyá AS. Kí ọmọ wọn mìíràn má jẹ́ SS, 3 nínú 4 ni. Kó bá ẹni tó ń ṣàìsàn mu, 1 nínú 4 ni. Méjèèjì kò jọ wà nínú krómósómù kan náà, nítorí náà a ó sọ wọ́n dìpọ̀: 3 nínú 16, kò tó 19 nínú 100 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má torí èyí máa bímọ kún ọmọ pé ẹ fẹ́ rí olùgbàlà. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò náà kò ní oró. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n fi òwú ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìtọ́jú gan-an ló wọ́n, ó sì le, nítorí wọ́n ní láti fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbin tuntun. Níbẹ̀ ni ogun ti máa ń yí padà. Bó bá jẹ́ kíndìnrín, wolé-wolé aláìsàn ló ń bá àlejò jà. Bó bá jẹ́ mùdùnmúdùn, wolé-wolé àlejò ni wọ́n gbìn sínú ara, bí àtẹ kò bá sì bára mu, àlejò ló máa dojú ìjà kọ onílé: awọ á máa bó, inú á máa ṣí, ẹ̀dọ̀ á máa bàjẹ́. Nítorí ìyẹn ni ìbámu mùdùnmúdùn fi ní láti péye ju ti kíndìnrín lọ. Ní Nàìjíríà, ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Benin ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 2011.

Ẹni tí kò bá rí nínú ẹbí á máa wá láàárín àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti fi tọrẹ. Ibẹ̀ ni ó ti ń dun àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 fi hàn pé 75 nínú 100 àwọn aláwọ̀ funfun tí ìran wọn wá láti Yúróòpù ló lè rí ẹni tó bá wọn mu dáadáa nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ibẹ̀. Ti àwọn ọmọ Áfíríkà jẹ́ 18, ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jẹ́ 19. Ohun méjì ló fà á. Áfíríkà ni èèyàn ti pẹ́ jù, oríṣiríṣi HLA wa ló pọ̀ jù. Àwa la sì forúkọ sílẹ̀ kéré jù. Seun Adebiyi, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé gboyè lóòfìn ní Yale, kó sínú ìṣòro yìí nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un ní 2009. Kò rí ẹni tó máa fún un, ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ló padà gbà. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá, òun ló ṣètò ìwé ìforúkọsílẹ̀ irú rẹ̀ àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nílùú Enugu ní 2012. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London tàbí Houston, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan tó jọ wọ́n ló ń dúró dè wọ́n. Ọgbọ́n mìíràn sì ti dé: àwọn dókítà Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà rí i pé bí wọ́n bá fún aláìsàn ní oògùn cyclophosphamide lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gbin mùdùnmúdùn, ó máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń gbaná jẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá tó bá ọmọ mu dé ìdajì péré náà lè fún un.

Ti kíndìnrín rọrùn díẹ̀ sí i. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: St. Nicholas Hospital l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ọsibítù ìkọ́ni Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1995 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 85 nínú 100 kíndìnrín tí ọkọ àti aya fún ara wọn ló ṣì ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ti òbí jẹ́ 82. Ọkọ àti aya kì í ṣe ẹbí, àtẹ wọn kò bára mu. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ara ẹni tó fúnni le, wọ́n sì yára ṣe é, oògùn ló sì ń mú wolé-wolé sùn. Tacrolimus, mycophenolate, prednisolone, wọ́n lórúkọ púpọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Mo bẹ yín, ẹ gbọ́ èyí. Oògùn yẹn kì í jẹ́ kí wolé-wolé gbàgbé, ó kàn ń mú un sùn ni. Mo mọ bàbá kan tó ti lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú kíndìnrín tí àbúrò rẹ̀ fún un. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ń lọ sóko. Ẹnì kan sọ fún un pé oògùn tó ń lò ń jẹ ẹ̀jẹ̀, ó ti gba ìwòsàn, kó jáwọ́. Ó jáwọ́. Kò tó oṣù mẹ́rin tó fi padà sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àbúrò rẹ̀ sì ti kú sínú rẹ̀. Ẹ gbé aago kalẹ̀ fún oògùn yẹn, wákàtí kan náà láàárọ̀, wákàtí kan náà lálẹ́. Ẹ má fi àgbo tì í. Ẹ má jẹ ọsàn tí wọ́n ń pè ní grapefruit. Bí ẹ bá lọ ra oògùn ní kẹ́mísì, ẹ kọ́kọ́ sọ pé kíndìnrín àlejò wà lára yín, torí pé erythromycin, fluconazole àti rifampicin máa ń da tacrolimus rú, ibuprofen sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ tún yẹra fún àwọn tó ń pe àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wá ta kíndìnrín. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni gba owó lórí ẹ̀yà ara.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí oògùn bá wà, kí wọ́n tún máa yẹ àtẹ wò fún? Nítorí pé ara tó ti mọ àlejò tẹ́lẹ̀ kò jọ ara tí kò mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí Medawar ṣe rí i. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára máa ń ní ẹ̀jẹ̀ funfun ẹlòmíràn nínú, àtẹ àjèjì sì wà lára wọn. Oyún náà ń gbé àtẹ bàbá ọmọ wọ inú ìyá. Obìnrin tó ti bímọ mẹ́rin fún ọkọ rẹ̀ lè ti ní ohun ìjà nínú ẹ̀jẹ̀ tó kọjú sí HLA ọkọ náà gan-an, kíndìnrín ọkọ sì lè bàjẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ bí wọn ò bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ ẹ̀jẹ̀ funfun ẹni tó fẹ́ fúnni, kí wọ́n rí i bóyá wọ́n á jà nínú ìgò kí wọ́n tó jà nínú ara. Bí kíndìnrín ẹbí yín bá ti ń rẹ̀yìn, ẹ bi dókítà bóyá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i pọn dandan lónìí, tàbí oògùn lè gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìgbà tí ẹ bá sì ń lọ fún àyẹ̀wò HLA, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i, ọdún tí wọ́n fà á, iye oyún tó ti ní, títí kan àwọn tó bàjẹ́. Wọ́n á bi yín ní gbogbo rẹ̀.